Ìjọba tó ní òun yóò lé olè: Bí báǹkì mẹ́ta ṣe wó ní Benin, tí gbogbo ìlú sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lórí rédíò

Ẹni tó bá ti ná Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ rí mọ̀ pé owó ibẹ̀ kì í sùn. Ẹja tútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ìgbín wà nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn tó wá rajà láti Ìkòròdú, Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó ń dúnàá dúrà, bẹ́ẹ̀ ni alájọ ń yí kiri pẹ̀lú káàdì àti bírò. Òǹtajà á fún un ní iye tí agbára rẹ̀ ká, alájọ á sàmì sí káàdì. Tí oṣù bá parí, owó á padà wá, àyàfi ti ọjọ́ kan tó jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Kò sí ọlọ́pàá láàárín wọn, kò sí lọ́yà. Ìfọkàntán ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni alájọ. Òun nìkan ló ni báǹkì nílùú, òun ló ń san owó oṣù, òun ló ni ilé iṣẹ́ ṣìmẹ́ǹtì àti ti ṣúgà, òun ló ni ìwé ìròyìn, òun náà ló yan adájọ́. Lọ́jọ́ tí irú alájọ bẹ́ẹ̀ bá kówó jẹ, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Kì í ṣe àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ nítòsí. Omi ọ̀sà tó wà níwájú Ẹ̀pẹ́ yẹn gba Èkó kọjá, ó gba Àgbádárìgì, ó sì dé Àjàṣẹ́, olú ìlú Benin, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Lọ́dún 1989, òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó tọ́jú owó sí báǹkì débẹ̀, wọ́n ní owó ò sí. Báǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti ìjọba ló dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba tí èyí sì ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni èyí tó ti ń sọ fún ará ìlú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi òógùn ẹlòmíì jẹun mọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Dàhòmì ni wọ́n ń pe Benin nígbà náà. Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́jọ́ 1, oṣù Ògún, ọdún 1960, ṣùgbọ́n ìjókòó ò rọgbọ. Ṣọ́jà gbàjọba lọ́dún 1963, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1965, 1967 àti 1969. Lọ́dún 1970, àwọn àgbà olóṣèlú mẹ́ta tó ti ń bá ara wọn jà láti ọjọ́ pípẹ́, Hubert Maga, Justin Ahomadégbé àti Sourou-Migan Apithy, wá dá ọgbọ́n kan: kí wọ́n máa jẹ ààrẹ ní yíyípo, ọdún méjì méjì. Maga jẹ tiẹ̀ parí. Ahomadégbé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Èbìbí, ọdún 1972. Àga ò tíì gbóná lábẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́jà fi tún dé.

Lọ́jọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún yẹn ni Mathieu Kérékou, ọ̀gá ṣọ́jà kan tí wọ́n bí lágbègbè Natitingou lápá àríwá lọ́dún 1933, gbàjọba. Ohun tó fi bá ìlú sọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ìkéde ṣọ́jà rí: àwọn olóṣèlú ti jẹ ìlú run, ìyẹn sì ti dópin.

Ọdún méjì kọjá kó tó sọ ojú ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Lọ́jọ́ 30, oṣù Bélú, ọdún 1974, ní ìlú Àgbómẹ̀, níbi tí àwọn ọba Dàhòmì ti jọba láyé àtijọ́, Kérékou kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀ lé. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa orúkọ orílẹ̀-èdè dà, ó di Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti Àwọn Ènìyàn ilẹ̀ Benin. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀, PRPB. Àsíá tuntun jáde, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun rẹ̀. Ẹnì kan kì í ṣe ọ̀gá ẹnì kan mọ́, "kọ́múrẹ́dì" ni gbogbo ènìyàn. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, èyí tó túmọ̀ sí "ó ti yí padà" ní èdè Fọ̀n.

Àbí ó yí padà lóòótọ́? Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣe ìkéde Àgbómẹ̀ tí ọ̀rọ̀ owó fi dé àárín àwọn ṣọ́jà fúnra wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1975, Kápútẹ́ẹ̀nì Janvier Assogba, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba kan náà, fẹ̀sùn kan Kérékou pé ó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò Faransé kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Kovacs, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìjọba ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ó gbìyànjú láti lé ọ̀gá rẹ̀ kúrò. Kò bọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ló bá a dé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn náà ṣe parí: wọn ò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n kàn mú ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gbogbo ọdún tó kù ṣe máa rí, ibẹ̀ ló yẹ kó ti wò ó.

Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ owó?

Sósíálíìsì, bí àwọn tó gbà á gbọ́ ṣe ń là á kalẹ̀, ni pé kí ohun tó ń mówó wọlé nílùú jẹ́ ti gbogbo ìlú, kó má jẹ́ ti ẹnì kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ò lè jókòó sí ọ́fíìsì kan. Ẹnì kan ló máa jókòó síbẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá wà, tí ẹgbẹ́ yẹn ló yan ẹni tó jókòó, tó yan adájọ́, tó yan olóòtú ìwé ìròyìn, tó tún yan ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, kò sí ohun tó kù tó ń ṣọ́ owó ju ẹ̀rí ọkàn ẹni náà lọ.

Àwọn olórí sósíálíìsì mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà rí wàhálà yìí, kálukú sì wá tiẹ̀ ṣe. Julius Nyerere ti Tanzania fi òfin de àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú Ìkéde Arusha lọ́dún 1967: olórí ẹgbẹ́ tàbí ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ aládàáni, kò gbọdọ̀ gba owó oṣù ọ̀nà méjì, kò gbọdọ̀ kọ́ ilé fún háyà. (Ẹ fi èyí wéra pẹ̀lú àwọn olóṣèlú tí ẹ mọ̀, tí ilé háyà wọn ò lóǹkà.) Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ràn òfin náà rárá. Nígbà tí Nyerere fẹ̀yìn tì, wọ́n tú u ká ní Zanzibar lọ́dún 1991.

Thomas Sankara ti Burkina Faso, tó gbàjọba lọ́dún 1983, gba ọ̀nà líle. Ó kó ọkọ̀ Mercedes lọ́wọ́ àwọn mínísítà, ó ní kí wọ́n máa gun Renault 5. Ó kéde dúkìá tirẹ̀ fún aráyé. Ó gbé ilé ẹjọ́ aráàlú kalẹ̀ tí wọ́n ti ń bi àwọn tó ṣèjọba tẹ́lẹ̀ léèrè owó, rédíò sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Àwọn ènìyàn máa ń pé jọ yí rédíò ká. Àmọ́ ilé ẹjọ́ náà ò gba lọ́yà láàyè láti gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, èyí ò sì dáa. Wọ́n pa Sankara lọ́jọ́ 15, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1987.

Ti Ghana ló yẹ kó kan àwọn ìyálọ́jà jù. Lọ́dún 1979, àwọn ṣọ́jà tó tẹ̀ lé Jerry Rawlings ní àwọn fẹ́ fọ ilé mọ́. Ìjọba wọn kì í ṣe ìjọba sósíálíìsì ní orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ ti ibẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa àwọn tó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀ mẹ́ta, Acheampong, Afrifa àti Akuffo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ọjà. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ń tajà ló fa ọ̀wọ́n gógó, pé àwọn ló ń kó ọjà pamọ́. Ní oṣù Ògún, ọdún yẹn, wọ́n wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọjà tó tóbi jù nílùú náà. Ọjà wó, ọ̀wọ́n gógó ò lọ. Owó tí ìjọba ń tẹ̀ láìní nǹkan tó gbè é lẹ́sẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ẹni tó ń ta tòmátì.

Ní Benin, wọn ò wó ọjà. Ohun tí wọ́n ṣe rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ kó tó hàn.

Owó báǹkì, owó ẹgbẹ́

Lẹ́yìn ìkéde ọdún 1974, ìjọba gba àwọn báǹkì. Mẹ́ta ló kù tó ń ṣiṣẹ́: báǹkì oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní BCB, báǹkì ìdàgbàsókè BBD, àti ti àwọn àgbẹ̀, CNCA. Owó oṣù ibẹ̀ ló ń gbà kọjá, owó tí àwọn oníṣòwò ń fi pamọ́ ibẹ̀ ló ń lọ.

Báǹkì tó dáa máa ń béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó: kí lo fẹ́ fi ṣe, báwo lo ṣe máa dá a padà, kí sì ni wàá fi ṣe ìdúró? Ní báǹkì ìjọba Benin, ìbéèrè kan ló wá kù: ta ló rán ẹ wá? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pàdánù lọ́dọọdún ń yá owó kún owó, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó sún mọ́ ilé ààrẹ ń yá owó láìfi nǹkan kan dúró. Owó náà kì í padà wá. Síbẹ̀, nínú ìwé báǹkì, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tó wà níta tó máa tó wọlé. Ìyẹn ni pé lórí ìwé, báǹkì lówó. Nínú àpótí, afẹ́fẹ́ ni. Kò síbi tí èyí ti rọrùn tó ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè béèrè ìwé wò.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo owó náà ni wọ́n jí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ohun tó dára lójú, tí kò bá ìṣirò mu. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ àti ti ṣìmẹ́ǹtì ní Onigbolo nítòsí Pòbẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ Yorùbá ni Ṣábẹ àti Pòbẹ́, owó Nàìjíríà sì wà nínú ilé iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n kọ́ wọn nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, pẹ̀lú ìrètí pé Nàìjíríà ni yóò máa ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Wọ́n ṣí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní àkókò tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ gan-an. Nàìjíríà ò rà bí wọ́n ṣe rò. Gbèsè ló kù. Bákan náà ni iṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá jáde ní yunifásítì, ìjọba á gbà á síṣẹ́ láìbéèrè bóyá iṣẹ́ wà, títí di àárín àwọn ọdún 1980. Àwọn tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba wá lé ní 40,000, ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ kò tó ti Èkó òde òní.

Àwọn ará Kútọnu kì í kọ́ ènìyàn ní ẹ̀fẹ̀. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀kọ́ ìjọba, "marxisme-léninisme", po, wọ́n sọ ọ́ di "laxisme-béninisme". Ìyẹn ni pé ẹ̀sìn ìjọba ni "ṣe bó ṣe wù ẹ́".

Ohun mìíràn wà tí wọn kì í sọ lórí pèpéle. Ìjọba tó ń bú àwọn oníṣòwò ní ọ̀sán, owó ẹnubodè ló ń jẹ lálẹ́. Ìrẹsì, aṣọ, sìgá àti ọjà òkèèrè mìíràn ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, kì í ṣe nítorí àwọn ará Benin, bí kò ṣe nítorí Nàìjíríà. Owó aṣọ́bodè lórí ọjà yìí wà lára ohun tó gbé ìjọba náà dúró. Ẹni tó bá mọ Sẹ̀mẹ̀, Ìdírókò tàbí Ìmẹ̀kọ ò nílò àlàyé púpọ̀. Nígbà tí ìjọba Buhari pààrọ̀ owó náírà ní oṣù Igbe, ọdún 1984, tó sì ti ẹnubodè pa, Kútọnu ló kọ́kọ́ gbọ́ ìrora rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí i padà. Ìyẹn ni ìgbà tí omi gbẹ, tí gbogbo ihò inú ìkòkò sì hàn síta.

Ìdọ̀tí olówó pọ́ọ́kú

Ìjọba tí owó bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń tajà tí kò yẹ ní títà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, Benin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sesco-Gibraltar. Àdéhùn náà ni pé kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí olóró láti àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè wá da sí ilẹ̀ Benin, ó lè tó mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù lọ́dún, fún ọdún mẹ́wàá. Iye tí wọ́n máa san? Dọ́là méjì àbọ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí ilé rẹ̀ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ nílùú Èkó mọ̀ pé owó yẹn ò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ náà tú síta, ariwo ta. Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà bẹnu àtẹ́ lu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé àjọ OAU ní oṣù Èbìbí, ọdún yẹn. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀ ni: láìpẹ́ sí àkókò náà ni àṣírí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé àwọn aládàáni ló gbé ti Koko wá ní bòókẹ́lẹ́, ìjọba fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé ti Benin.

Bàbá aláàfáà inú ilé ààrẹ

Nígbà tí ìjọba náà bẹ̀rẹ̀, ó gbógun ti àwọn babaláwo, àwọn aláwo àti àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Wọ́n ní ìyẹn ni ìdí tí ìlú ò fi tẹ̀síwájú. Àwọn àgbàlagbà obìnrin, àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ló jìyà rẹ̀ jù.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ẹni tó sún mọ́ etí ààrẹ jù lọ ni aláàfáà kan láti ilẹ̀ Mali, Mohamed Amadou Cissé. Àdúrà àti òògùn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi í jẹ mínísítà, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ ààbò ìjọba lé e lọ́wọ́. Nígbà tí báǹkì wó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n bá nídìí owó ńlá tó jáde láti BCB tí kò wọlé mọ́. Ìjọba tó ní ẹ̀sìn jẹ́ ohun àtijọ́, òun náà ló gbé kọ́kọ́rọ́ báǹkì fún aláàfáà. Kò sí òṣèré tíátà tó lè kọ eré yìí kí wọ́n má sọ pé ó ti sọ ọ́ dà bí àlá.

Ní ọdún 1988 sí 1989, báǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò rówó ìrànwọ́ wọn gbà jáde síta ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1989. Àwọn tíṣà tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba lọ bá àjọ IMF àti Báǹkì Àgbáyé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Òkúdù. Báyìí ni ìjọba tó ní òun ń bá àwọn olówó ayé jà ṣe lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ohun kan tún wà tó ṣòro láti gbàgbọ́: lára àwọn tó kún inú ẹ̀wọ̀n ìjọba yìí, pàápàá ní Ségbana lápá àríwá, ni àwọn kọ́múníìsì tòótọ́, ọmọ ẹgbẹ́ Parti Communiste du Dahomey, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n ní ìjọba Kérékou kì í ṣe ti tálákà rárá. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ló wà lẹ́wọ̀n, àwọn tó ń fi ẹnu sọ ọ́ ló wà nínú ọkọ̀ ìjọba.

Ọjọ́ mẹ́wàá tí rédíò ò dákẹ́

Ògiri Berlin wó lọ́jọ́ 9, oṣù Bélú, ọdún 1989. Lọ́jọ́ 7, oṣù Ọ̀pẹ̀, Kútọnu kéde pé ìjọba ò tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin mọ́, àti pé wọ́n máa pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kérékou rò pé àpérò lásán ni, pé wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ sílé. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, oṣù Èrèlé, ọdún 1990, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu: àgbẹ̀, òṣìṣẹ́, lọ́yà, ṣọ́jà, ọmọ yunifásítì, àwọn ààrẹ àtijọ́, àwọn tó ti sá lọ sí òkèèrè. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì, Isidore de Souza, ni alága. Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́, ni akọ̀wé tó ń kó ọ̀rọ̀ wọn jọ. Rédíò sì gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ.

Ibí yìí ni agbára rẹ̀ wà. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, rédíò yẹn kan náà ló ń kọrin ìyìn ìjọba. Nísinsìnyí, ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Dantokpa tàbí lábẹ́ igi ní Kétu ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń béèrè lójú ààrẹ pé owó báǹkì dà, ta ló yá a, ta ló fọwọ́ sí i. Ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n ti ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ di ọ̀rọ̀ gbangba. Àwọn aṣojú náà kò dúró síbẹ̀, wọ́n dìbò pé ìpinnu àwọn ju ti ààrẹ lọ. Àwọn ṣọ́jà kan fara ya. Gbogbo ìlú ń dúró kí wọ́n mọ̀ bóyá ìbọn ló máa dáhùn.

Ìbọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Kérékou gbà. Wọ́n yan Nicéphore Soglo, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé, láti jẹ́ olórí ìjọba fún ọdún kan. Ará ìlú dìbò gba òfin tuntun lọ́jọ́ 2, oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1990, òfin tó fàyè gba ẹgbẹ́ púpọ̀, tó sì sọ pé ààrẹ ò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1991, Soglo fìdí Kérékou janlẹ̀ nínú ìbò, ó gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ní Nàìjíríà, àwọn kan gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu, wọ́n ní irú rẹ̀ làwọn náà ń fẹ́. Lọ́yà àgbà Alao Aka-Bashorun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò àpérò kan sí gbọ̀ngàn tíátà ìjọba ní Ìgànmú lọ́dún 1990 kan náà. Ìjọba Babangida kò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Owó ńkọ́?

Ìbéèrè tí gbogbo alájọ máa ń bẹ̀rù nìyẹn. Nígbà tí Kérékou ń lọ lọ́dún 1991, ó bẹ ará ìlú pé kí wọ́n foríjì òun, wọ́n sì fún un ní àbò pé wọn ò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àwọn kan bínú sí i títí dòní. Àwọn mìíràn ní ohun tí wọ́n fi ra àlàáfíà nìyẹn, kí ṣọ́jà lè fi ìbọn sílẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣe irú àpérò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Benin, bíi Togo àti Zaire, àwọn olórí tí kò gbà kí wọ́n lọ ló borí. Cissé ni wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́. Lọ́dún 1992, wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un. Àwọn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé owó náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ohun tó yí padà ní tòótọ́ ni pé ìjọba nìkan kọ́ ló ni báǹkì mọ́. Àwọn báǹkì aládàáni wọlé, Bank of Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnu lọ́dún 1990, ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti ìjọba sì pọ̀ nílẹ̀. Ehuzu pa orúkọ dà, ó di La Nation.

Kérékou náà pa àwọ̀ dà, kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè é ní alágẹmọ. Lọ́dún 1996, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ àtúnbí, ó sì fi ìbò lé Soglo kúrò. Ó lo sáà méjì. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó yí òfin padà kó lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ̀, ó sì lọ sílé lọ́dún 2006. Ó kú lọ́jọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2015.

Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ni Thomas Boni Yayi, ọmọ Tchaourou, tó ti jẹ́ ọ̀gá báǹkì ìdàgbàsókè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Lomé. Àwọn ènìyàn yọ̀ pé ẹni tó mọ̀ nípa owó ló dé. Lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní ICC Services, tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú pẹ̀lú ìlérí èlé gọbọi, wó lulẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló pàdánù ohun tí wọ́n tọ́jú. Àwọn òǹtajà kan ti fi ẹ̀mí balẹ̀ kó owó síbẹ̀ nítorí pé wọ́n ń rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn èèkàn ìjọba. Ààrẹ yọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nípò, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ kejì.